Ẹ̀rọ Tí Ìyàwó Wa Da Aṣọ Bò

Wọ́n ní ìyàwó wa ń gbéra ga. Wọ́n ní iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mọ̀lẹ́bí ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún un, ó da aṣọ bò ó, ó wá fọwọ́ lẹ́rán. Aṣọ tó dà bò ó yẹn, òótọ́ ni, mo fojú mi rí i. Ṣùgbọ́n ìgbéraga kọ́ o, irọ́ gbuu ni.

Ìyàwó àbúrò mi ni. Káfíńtà ni àbúrò mi ọ̀hún. Obìnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán ṣẹ́ẹ̀tì kó tó bí ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ náà sì ti ga jù mí lọ báyìí (kì í ṣe pé èmi náà ga lọ títí). Ọjọ́ tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa, ọ̀gá wọn gun orí àga, ó ní kí kálukú kó ẹrù rẹ̀. Ìyàwó wa mú sísọ́ọ̀sì rẹ̀ àti tìmùtìmù tó fi ń jókòó, ó fẹsẹ̀ rìn wálé. Kò sunkún. Ó dáná, ó jẹun, ó fọ abọ́. Tí a bá bá a sọ̀rọ̀, á dáhùn dáadáa, àmọ́ bí ẹni pé láti yàrá kejì ló ti ń dáhùn. Ṣé ẹ mọ bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń kú tipiri téèyàn bá jókòó lé e pẹ́? Gbogbo ara rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀.

Ìfẹ́ ló jẹ́ ká sáré lọ ra ẹ̀rọ. Àbúrò mi kan tábìlì sí i, a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, gbogbo wa ń pàtẹ́wọ́. "Télọ̀ wa ti dé!" Obìnrin ojúlé kejì ló kọ́kọ́ gbé aṣọ wá, ó fẹ́ ẹ̀wù fún ọkọ rẹ̀. Ìyàwó wa gbà á, ó ká a, ó fi sábẹ́ tábìlì. Ibẹ̀ ló wà títí obìnrin náà fi wá fìbínú gbé e lọ. Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìgbéraga ti bẹ̀rẹ̀.

Mo bá gba ibẹ̀ lọ.

"Ìyàwó, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan, àǹtí mi."

"Kò sí nǹkan kan, lo wá tọ́jú aṣọ aláṣọ pa mọ́ bí ẹni tó jogún ẹ̀?"

Ó wo ẹ̀rọ náà bí ẹni ń wo àlejò. "Ọrùn ẹ̀wù ni mo mọ̀ ọ́n rán. Níbi iṣẹ́ wa, ẹlòmíì ń rán apá, ẹlòmíì ń rán àpò, ẹlòmíì ojú bọ́tìnnì. Ọrùn ni tèmi látọjọ́ tí mo débẹ̀. Odindi ẹ̀wù, mi ò rán an rí láyé mi."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo gbé e mì. "Kí ló dé tó ò sọ fún wa?"

"Ẹ ti ń pàtẹ́wọ́." Ó ń yọ òwú lára yẹ̀rì rẹ̀. "Tí bàbá wọn bá mọ̀ pé òfo ni gbogbo wàhálà yín, ojú wo ni wọ́n máa fi wò mí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn."

"Èmi ò ní sọ. Ìwọ lo máa sọ ọ́, màá sì jókòó tì ẹ́."

Nígbà tí àbúrò mi ti ṣọ́ọ̀bù dé, ìyàwó wa sọ ọ́ fún un. Ohùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Àbúrò mi dìde, ó wọ yàrá lọ. Mo ní ó ti bínú nìyẹn. Àfi bó ṣe mú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kan jáde pẹ̀lú bíléèdì, tó ń tú u lójú òwú. Ó tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: apá, ẹ̀yìn, iwájú.

"Bí èmi náà ṣe kọ́ àga nìyí," ó ní. "Mo tú ti ọ̀gá mi. Èyí tí mo kọ́kọ́ kàn, àǹtí mi yìí jókòó lé e, ilẹ̀ ni wọ́n bá ara wọn."

"Ìdí ṣì ń dùn mí," mo dáhùn.

Ọmọ wọn rẹ́rìn-ín. Ìyàwó wa kò rẹ́rìn-ín.

"Èmi ni màá wọ àkọ́kọ́," ni àbúrò mi wí. "Tí apá kan bá gùn jù, màá ká a. Ọrùn dà? Ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀."

Ó rán an lóòótọ́. Ọrùn dúró ṣánṣán bí ti ọlọ́lá. Ìyókù, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Apá ọ̀tún yí sẹ́yìn. Àbúrò mi wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣé ọkọ̀ ló gbá a ni. Ó ní ìyàwó òun ló rán an, kí ẹni tí ìyàwó tiẹ̀ rán ẹ̀wù fún jáde síta ká rí i.

Mo lọ ròyìn rẹ̀ fún ìyàwó wa, mo rò pé á rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ mi tán, ó ní:

"Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń lọ láàárọ̀, àǹtí mi. Mo ń wo apá tó wọ́ yẹn títí wọ́n fi yà ní kọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí inú mi dùn. Kò tíì dùn. Ṣùgbọ́n mo ti gé aṣọ ìkejì."