Kúẹ́rì Tí Mo Kọ sí Àna Mi

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ní ilé ẹ̀rọ omi Èrúwà, mo dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ mi. Kò sí bí n kò ṣe ní ṣe é. Bàbá Múnírù, tí wọ́n ń tan ẹ̀rọ, ni àbúrò bàbá ìyàwó mi.

"Ẹ dìde, àna wa," ni wọ́n wí. "Ẹ kú oríire. Áńláhù á jẹ́ kó tù yín lára."

Wọ́n wọ inú ilé ẹ̀rọ lọ, ọ̀rọ̀ ọ̀gá sì parí síbẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ bí agbára ọ̀gá ṣe mọ níbẹ̀. N kò lè gbani síṣẹ́, n kò lè lé ènìyàn, n kò sì lè dá owó oṣù ẹnikẹ́ni dúró. Olú iléeṣẹ́ ní Ìbàdàn ló ń ṣe gbogbo ìyẹn. Èmi ní tábìlì kan, òǹtẹ̀ kan, àti àṣẹ láti kọ kúẹ́rì, ìyẹn lẹ́tà tí a fi ń bi òṣìṣẹ́ pé kí ló dé tó fi ṣe ohun tó ṣe. Ẹni tó gbà á ní ọjọ́ méjì láti fèsì. A ó wá fi lẹ́tà àti èsì sínú fáìlì, ó tán.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ló yẹ kí ẹ̀rọ tàn, kí omi lè tètè dé ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n Bàbá Múnírù ní oko ẹ̀gúsí kan lọ́nà Igbó-Ọrà, ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ gun ọ̀kadà lọ. Aago mẹ́jọ ni wọ́n ń dé, tàwọn ti koríko lórí fìlà.

"Àna, ẹ̀rọ ò lè sá lọ," ni wọ́n máa ń wí. "Ẹ̀gúsí mi lèpò ń fún pa."

Láìpẹ́, lẹ́tà dé láti Ìbàdàn: ilé ìwòsàn ti fẹjọ́ sùn, bí ẹjọ́ kejì bá sì dé, wọn yóò gbé mi lọ síbòmíràn. Ọdún mẹ́fà ni èmi àti ìyàwó mi ti fi gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, òun ń kọ́ ọmọ iléèwé ní Èrúwà, èmi wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ibi iṣẹ́ yìí tó kó wa pọ̀.

Ni mo bá kọ kúẹ́rì. Mo kọ "Ọ̀gbẹ́ni" síwájú orúkọ Bàbá Múnírù, mo sì lu òǹtẹ̀ sí i. Nígbà tí ìyàwó mi gbọ́, ó gbé ìpọnbẹ̀ sílẹ̀.

"Bàbá Bọ́lá, ẹ kọ kí ni?"

"Kúẹ́rì ni. Ìlànà iṣẹ́ ni."

"Sí àwọn tí wọ́n fà mí lé yín lọ́wọ́?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ yáa lọ lọ agbádá yín. Wọ́n á ránṣẹ́ pè yín."

Ọjọ́ méjì pé, èsì dé. Gbogbo ẹbí ló kọ ọ́. Ìtẹ̀ka mọ́kànlá ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, títí kan ti ìyá àgbà kan tí kò dé ilé ẹ̀rọ rí. Wọ́n ní kí àna wọn wá sílé lọ́jọ́ Àìkú, kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Bí èmi náà ṣe gba kúẹ́rì nìyẹn.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ẹní. Olórí ẹbí fi ìka méjì gbé lẹ́tà mi sókè bí ẹni gbé òkú eku.

"Àna, kí ni bàbá yín ṣe tí wọ́n fi di ọ̀gbẹ́ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Omi ni kì í dé ilé ìwòsàn láàárọ̀. Àwọn tó bá bímọ níbẹ̀, àwọn èèyàn wọn ló ń gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sódò kí wọ́n tó lè wẹ ọmọ."

Ìyàwó Múnírù, tó pọn ọmọ oṣù méjì sẹ́yìn, dìde lẹ́nu ọ̀nà.

"Háà! Bàbá, ẹ̀yin ni? Ọjọ́ tí mo bí Ràṣídà, kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin ni ìyá mi rù!"

Ìyá Múnírù, ìyàwó bàbá fúnra wọn, pàtẹ́wọ́. "Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ̀gúsí ni wọ́n fẹ́ fi wẹ ọmọ-ọmọ wọn!"

Ilé dàrú fún ẹ̀rín. Bàbá Múnírù wolẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n wò mí.

"Àna, ẹ ò sọ pé torí ìyá ọlọ́mọ ni. Mo ṣebí torí àwọn ọ̀gá yín n'Ìbàdàn ni."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo kọ "ìlànà iṣẹ́" lẹ́ẹ̀marùn-ún nínú lẹ́tà yẹn, n kò sì dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo tó nílò omi. Mo mú gègé, mo fa "Ọ̀gbẹ́ni" rẹ́ lójú wọn, mo kọ "Bàbá" sí i. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọ fáìlì.

Láti ọjọ́ kejì, kí mẹ́fà tó lù ni ẹ̀rọ ti ń dún. Ẹjọ́ kejì kò dé.

Lọ́dún kan lẹ́yìn náà, Ìyá Múnírù kan ilẹ̀kùn wa ní ìdájí. "Ibà dá Bàbá dùbúlẹ̀. Wọ́n ní kí n bá wọn tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá."

Ọ̀gá! Inú mi dùn, títí mo fi rántí pé ọ̀gá kò mọ bí a ṣe ń tan ẹ̀rọ. Bàbá ti fi bí a ṣe ń tàn án rán Ìyá Múnírù: kí n kọ́kọ́ ṣí irin pupa, kí n ka oókan títí dé ogún, kí n tó fọwọ́ kan èyí tó kù. Mo kà á sókè bí ọmọ iléèwé. Ẹ̀rọ húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbà.

Nígbà tí mo padà délé, ìyàwó mi ń pọnmi lẹ́nu ẹ̀rọ àgbàlá wa.

"Ta ló bá Bàbá tan ẹ̀rọ?"

"Èmi ni."

Ó wo gírísì tó kùn mí dé ìgúnpá, ó sì rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sórí korobá tó dojú dé.

Ó ti di oṣù kẹwàá báyìí tí ìyàwó mi ti dágbére fáyé. Ọdún mọ́kànlá la fi gbé pọ̀ nínú ilé yẹn, nítorí pé omi ń dé ní aago mẹ́fà.