Àbẹ̀ní Kúnlẹ̀ Nídìí Igi Irú

Bí ẹ bá dé Ìwó tí ẹ ń wá obìnrin alágídí, ẹ má wulẹ̀ rìn jìnnà. Ẹ sáà béèrè Àbẹ̀ní onírú. Kò sẹ́ni tí kò ní júwe ilé rẹ̀ fún yín.

Ọ̀nà Kuta ni oko baba wọn wà. Igi irú ńláńlá tí ìyá wọn gbìn nígbà ayé rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ara wọn ni Àbẹ̀ní sì ti ń jẹun. Àfi bí Fàtáì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣe ta àwọn igi náà fún àwọn tó ń sun èédú. Kò tilẹ̀ sọ fún un. Ẹnu aráyé ló ti gbọ́ ọ.

Inú bí i gidigidi. Ṣé nítorí irú nìkan ni? Rárá o. Zakiyyah ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ olùkọ́, ti ṣàlàyé ooru tó ń hàn wá léèmọ̀ yìí fún un. Ó ní ṣé ìyá òun mọ bí inú ọkọ̀ ṣe ń rí tí wọ́n bá ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa sínú oòrùn? Ooru ń wọlé, kò rọ́nà jáde. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni èéfín ọkọ̀, ti jẹnẹrétọ̀, ti àwọn ilé iṣẹ́ ńlá òkè òkun àti ti igbó tí à ń sun ṣe bo ojú sánmà, tí ooru ayé kò fi ráyè lọ mọ́. Igi ló ń bá wa fa díẹ̀ mì nínú èéfín náà, igi ọ̀hún la tún wá ń gé.

Nígbà tí Àbẹ̀ní lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀rín ni ìyẹn fi í rín. Ó ní ṣé igi ọ̀nà Kuta ló ń mú ayé gbóná ni, kó lọ bá àwọn òyìnbó jà. Àbẹ̀ní ní ọwọ́ òun kò tó òyìnbó, ṣùgbọ́n ó tó ẹ̀gbọ́n òun.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Fàtáì kó àwọn agégi àti ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń gé igi dé lórí ọ̀kadà, Àbẹ̀ní ti ṣáájú wọn débẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nídìí igi tó tóbi jù, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ṣe ń kí àgbà. Fàtáì dáhùn, ó ní kó dìde. Kò dìde. Fàtáì jágbe, ó tún bẹ̀bẹ̀. Àbẹ̀ní ní òun kò rí i fín o, àgbà lòun ń kí. Ta ló máa wá ki ẹ́ńjìnnì bọ igi tí ìyá ọlọ́mọ kúnlẹ̀ sí nídìí?

"Ilẹ̀ ni ti ẹbí, ẹ̀gbọ́n mi," ó wí i jẹ́jẹ́. "Ẹni tó gbin igi ló nigi. Ẹ lọ jí ìyá wa ní sàréè, kí wọ́n wá tà á fúnra wọn."

Oòrùn gòkè. Oòrùn ayé ìsinsìnyí, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Àwọn agégi ló kọ́kọ́ rọra sún sábẹ́ igi, wọ́n jókòó. Fàtáì dá dúró síta, ó ń nu òógùn, ó ń kanra. Nígbà tó yá, òun náà wọ abẹ́ igi, ó ṣí fìlà, ó ń fi í fẹ́ ara.

Àbẹ̀ní wò ó láti orí ìkúnlẹ̀ tó wà.

"Ẹ kú ìsinmi, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Tí wọ́n bá gé e tán, ibo lẹ máa sá sí?"

Fàtáì fọwọ́ júwe ọ̀nà fún àwọn agégi pé kí wọ́n máa lọ. Ìgbà tí ìró ọ̀kadà wọn dákẹ́ pátápátá ni Àbẹ̀ní tó dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ orúnkún rẹ̀.