Orin Kòríà Tí Mo Fún Ní Máàkì Méjì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tójú mi rí nítorí orin Kòríà fún yín. Bẹ́ẹ̀ ni, orin Kòríà! K-pop! Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Tíṣà ni mí, mo sì ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n bí orin àwọn ọmọ yẹn bá ta sí mi létí, ijó ni màá jó.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni mí. Iṣẹ́ ló gbé mi wá sí apá ibí. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Àgọ́ Aláyè ni wọ́n gbé mi lọ, ṣùgbọ́n Ọ̀rẹ̀ ni mo háyà yàrá sí, torí mo fẹ́ ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa. Mò ń gun ọ̀kadà lọ láàárọ̀, mò ń gùn ún bọ̀ lọ́sàn-án. Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, mi ò ní ọ̀rẹ́ kankan. Tí mo bá délé, màá tilẹ̀kùn, màá ki íápíìsì bọ etí, ó di Kòríà!

Ọjọ́ tí mo lọ dirun ní ṣọ́ọ̀bù Ìbídùn ni nǹkan yí padà. Onídìrí ni Ìbídùn, kò jìnnà sí garéèjì, ọmọ Ìkálẹ̀ ni, láti Ajué. Ó ń dirun fún mi lọ́wọ́ ni fóònù mi bá dún. Orin Kòríà ni mo fi sí i. Kí n tó gbé e, Ìbídùn ti gba orin náà lẹ́nu fóònù, ó ń kọ ọ́ lọ! Lédè Kòríà, bó ṣe wà gẹ́lẹ́! Ọmọbìnrin kan tó jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun sì bá a gbè é. Ràfíátù nìyẹn, òun àti ìyá rẹ̀ jọ ń ta aṣọ lọ́jà Ọ̀rẹ̀. Ẹ ṣáà fojú inú wò ó: tírélà ń ké lórí títì márosẹ̀, àwa mẹ́ta ń kọ orin Kòríà nínú ṣọ́ọ̀bù!

Báyìí la ṣe di ọ̀rẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, tí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a máa ń pàdé ní ṣọ́ọ̀bù Ìbídùn, a ó máa to orin: èwo ló gba ipò kìn-ín-ní, èwo ló gbẹ́yìn. Orin tí àwọn ará Kòríà bá fi èdè tiwọn kọ kò sí nínú ìdíje wa o! Ràfíátù ló ṣòfin yẹn, ó ní ìyẹn á ti rọrùn jù. Èyí tí wọ́n bá fi èdè ẹlòmíì kọ, bíi èdè Jàpáánù, Gẹ̀ẹ́sì tàbí Sípáníìṣì, àti orin wọn tí àwọn ará ìlú mìíràn bá tún kọ, àwọn nìkan la ń tò. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á mú mẹ́ta wá. A kì í sọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ títí a ó fi fún un ní máàkì, kí ojúsàájú má baà wọ̀ ọ́. Mẹ́wàá ni máàkì tó ga jù.

Ẹ wò ó, a máa ń jà! Èmi, èyí tí wọ́n bá fi èdè Jàpáánù kọ ni mo fẹ́ràn jù. Ó máa ń dà bíi pé ohùn wọn tún rọ̀ sí i. Ràfíátù ní irọ́ ni, ti Sípáníìṣì ló ń mú ìdí mì. Ó tiẹ̀ rí àwọn ọmọ Bùràsíìlì kan tó fi gìtá nìkan tún orin kan kọ, ó fún un ní mẹ́wàá, ó ní ẹni tí kò bá fún un ní mẹ́wàá kò lọ́kàn láyà. Ìbídùn kì í pariwo bíi tiwa. Á kàn rẹ́rìn-ín, á ní ká tún un gbọ́. Òun ló sì létí jù nínú wa. Bí olórin bá ṣi ohùn níbì kan, òun ló máa kọ́kọ́ mọ̀.

Ó wá di ọjọ́ Àìkú kan. Ìbídùn tan orin méjì, a fún wọn ní máàkì. Orin kẹta, ó ní òun ti fi sórí gúrúùpù wa, ká tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù tiwa. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó kọjú sí dígí, ó ń to kóòmù tó ti tò tẹ́lẹ̀.

Mo tẹ̀ ẹ́. Orin tí gbogbo wa mọ̀ ni, èyí tó ń sọ nípa ọmọ tó jìnnà sílé. Ṣùgbọ́n kò sí ìlù, kò sí dùùrù. Ohùn obìnrin kan ṣoṣo ni, fóònù ò sì gbà á sílẹ̀ dáadáa. Ó sì ń kọ ọ́ lédè Ìkálẹ̀! "Ulé" ló ń pe ilé. "Ugbó" ló ń pe igbó.

Ràfíátù bú sẹ́rìn-ín, ó ní èyí ga o! Ìyàlẹ́nu ni tirẹ̀, kì í ṣe ẹ̀sín. Èmi ni mo wá bà á jẹ́. Ẹ ṣáà mọ ẹnu tíṣà. Mi ò jẹ́ kó dé ìdajì tí mo fi pa á.

"Máàkì méjì!" ni mo wí. "Ta ló ń fi orin gidi ṣeré báyìí? Ẹ jọ̀ọ́, èdè oko ò lè gbé irú orin yìí. Ṣe ló dà bí ẹni tó ń kiri púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wọn yẹn, láàárọ̀!"

Mo rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ ara mi. Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí, tó jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń rẹ́rìn-ín?

Ìbídùn ò yíjú padà. Ó bi mí pé, "Méjì?"

Mo ní, "Méjì. Mo tiẹ̀ ṣàánú."

Ó ní kò burú. Ó ní orí ń fọ́ òun, òun fẹ́ tilẹ̀kùn. A dìde, a lọ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti kúrò nínú gúrúùpù.

Èmi ni mo tún wá ń bínú! Mo ní kí ló dé? Ṣé nítorí orin olórin ni?

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn ọmọ iléèwé wà níta, wọ́n ń ṣeré, ni Ràfíátù pè mí. Kò tiẹ̀ kí mi.

"Kẹ́mi, ṣé o gbọ́ orin yẹn dópin?"

Mo ní rárá.

"Lọ gbọ́ ọ." Ó gé fóònù.

Mo lọ dúró lẹ́yìn kíláàsì. Mo tẹ orin náà, mo jẹ́ kó lọ. Nígbà tó parí, ẹni tó ń kọ ọ́ mí kanlẹ̀. Ohùn ìyá àgbàlagbà kan sì wọlé látọ̀ọ́kán: "Ìbídùn, ó dáa. Tún un kọ kí n gbọ́." Ni ẹni tó kọrin bá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí mò ń gbọ́ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú ni.

Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Mo padà sí kíláàsì, mo jókòó. Ìwé àwọn ọmọ wà lórí tábìlì mi, èyí tí mo ti máàkì láàárọ̀. Nínú ìwé tó wà lókè pátápátá, ọmọ kan ti kọ ọ́ pé, "Ulé wa kò jìnnà sí odò." Mo ti fi bírò pupa fa ilà gbọ̀ọ̀rọ̀ lé "ulé" yẹn lórí. Mo wo ilà náà títí. Ta ni mo jẹ́ gan-an, tí mo fi ń fa ilà lé ilé onílé lórí?

Bí a ṣe parí iṣẹ́, mo kọjá sí ṣọ́ọ̀bù. Títì ló wà. Bàbá tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ sọ pé kò ṣí láti ọjọ́ Ajé, ó ti lọ bá ìyá rẹ̀ àgbà ní Ajué. Mo pè é, kò gbé e. Mo kọ àtẹ̀jíṣẹ́, mo pa á rẹ́, mo tún kọ, mo tún pa á rẹ́. Mo ní kí Ràfíátù bá mi bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ò bẹ ẹnikẹ́ni lórí fóònù. Ó ní ojúkojú ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ náà, ojúkojú ni mo máa lọ tọrọ àforíjì, òun á sì sìn mí lọ. Ṣé irọ́ ló pa?

Lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀kadà kan gbé àwa méjèèjì. A gba Òdìgbó kọjá, a bọ́ sáàárín oko kòkó, ẹrẹ̀ pupa ta sí wa láṣọ. Ràfíátù fi ọwọ́ kan di híjáàbù rẹ̀ mú, ó fi ìkejì di èmi mú. Ní gbogbo ọ̀nà ni mò ń ronú ohun tí mo máa sọ. Nígbà tí a fi máa débẹ̀, mo ti gbàgbé gbogbo rẹ̀.

A bá ìyá àgbà níwájú ilé, ó ń fi ọwọ́ tú kòkó tó sá sórí ẹní. A kúnlẹ̀ kí i. Ó ní ta nìyẹn, torí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ràfíátù sọ pé ọ̀rẹ́ Ìbídùn ni wá, láti Ọ̀rẹ̀.

"Háà! Ẹ̀yin tí ẹ ń to orin!" Inú ìyá dùn gan-an. "Ẹ jókòó, ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi."

Kò mọ nǹkan kan. Ìbídùn ò fẹjọ́ mi sùn. Ìyẹn tún wá burú jù fún mi.

Ìbídùn jáde látinú ilé ìdáná. Ó kí Ràfíátù. Ó wo èmi láti òkè délẹ̀.

Mo ní, "Ìbídùn, mo ti gbọ́ ọ dópin."

"Ẹ̀n-ẹ́n?"

"Mo bú ọ. Mo bú èdè rẹ, mo sì bú ìyá rẹ àgbà mọ́ ọn. Ẹnu mi ló kó bá mi. Jọ̀ọ́, má bínú." Ẹkún ló gba ọ̀rọ̀ yòókù lẹ́nu mi.

Ó fa àpótí kan, ó jókòó. Lẹ́yìn náà ló wá ṣàlàyé. Ó ní tí òun bá wá kí ìyá, orin yẹn lòun máa ń tan, ni ìyá bá bi òun lọ́jọ́ kan pé kí ni àwọn ọmọ yìí ń sunkún sí? Òun bá bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ fún un, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn. Ìyá ló ń bá òun wá ọ̀rọ̀ tó máa bá ohùn mu. Oṣù méjì ni wọ́n fi ṣe é. Ó ní àwọn olólùfẹ́ orin Kòríà kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ní kí èèyàn fi èdè abínibí rẹ̀ kọ orin ránṣẹ́ láti ibikíbi láyé. Ọjọ́ Àìkú yẹn ni wọ́n fẹ́ gbà á mọ.

"Mo ní kí ẹ̀yin kọ́kọ́ gbọ́ ọ," ló wí. "Bí ẹ bá ní ó dáa, màá fi ránṣẹ́."

"Ṣé o wá fi ránṣẹ́?" Ràfíátù ló bi í, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a mọ ìdáhùn.

"Méjì nínú mẹ́wàá. Kí ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Àǹfààní yẹn ti lọ, ẹ̀bẹ̀ mi ò lè dá a padà.

Ìyá tó ti ń tẹ́tí sí wa láti ìgbà yẹn wá bi mí pé ọmọ ibo ni mí. Mo ní Ọ̀wọ̀ ni, màmá.

"Kí ni bàbá rẹ ń pe ilé, l'Ọ̀wọ̀?"

Ṣé ẹ mọ̀ pé ó ti lé lógún ọdún tí ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde lẹ́nu mi kẹ́yìn? Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin, tíṣà kan nà mí nítorí rẹ̀ lójú gbogbo ẹgbẹ́ mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ Yorùbá inú ìwé, títí tí mo fi gbàgbé pé mo ní òmíràn.

Mo ní, "Ulé ni, màmá."

"Ẹ gbọ́ o!" Ìyá lu itan rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé ìwọ náà kọ́, ọmọ ulé!"

Ràfíátù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé kòkó ìyá lórí. Mo gbójú sókè, Ìbídùn náà ń rẹ́rìn-ín. Díẹ̀ ni o, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín!

Ìyá ní ó yá, ká to orin kí òun náà fún un ní máàkì. A tan mẹ́ta fún un. Ti èdè Jàpáánù ló fi ṣe ìkíní, ó ní ẹni yẹn ń kọ ọ́ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ti Sípáníìṣì gba ìkejì. Ti ọmọ ọmọ rẹ̀ ló fi ṣe ìkẹta!

"Ìyá!" Ìbídùn fọwọ́ lérí.

Ìyá ní òun ò lè purọ́ lọ́jọ́ ogbó òun. Ó ní Ìbídùn sáré jù níbi ẹsẹ̀ kejì, kò sì jẹ́ kí òun gbe orin. Ó ní bí a bá tún un kọ tí òun náà fi ohùn sí i, ọ̀rọ̀ lè yí padà.

Bí a ṣe tún un kọ nìyẹn. Èmi ni mo di fóònù mú, Ràfíátù ń lé adìyẹ. Nígbà tí ohùn ìyá wọlé nísàlẹ̀ ohùn Ìbídùn, tó gbọ̀n díẹ̀, tó sì dúró, orí mi wú. Ìbídùn fúnra rẹ̀ ló fi í sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí a tó kúrò ní Ajué.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé gbogbo ayé gbọ́ ọ. Rárá o. Àmọ́ ọmọ Ìkálẹ̀ kan tó wà lókè òkun kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé inú ọkọ̀ lòun ti gbọ́ ọ, òun páàkì, òun pe ìyá òun nílé. Obìnrin kan ní Òkìtìpupa kọ tirẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìbídùn. Àwọn mìíràn ń béèrè òmíràn. Ìbídùn sì ti sọ fún wa pé bí àwọn ará íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn bá tún pe ìdíje, òun máa fi orin òun ránṣẹ́, òun ò sì ní bi ẹnikẹ́ni kí òun tó ṣe é. Ó wò mí nígbà tó ń sọ ọ́. Mo gbà. Ó tọ́ sí mi!

Ní kíláàsì mi, mo bi àwọn ọmọ pé kí ni wọ́n ń pe ilé lọ́dọ̀ wọn. Ọwọ́ kún òkè! Ulé ń bọ̀ láti ìhà ọ̀tún, ọmọ Haúsá kan ní gida. Ariwo wọn pọ̀ débi pé ọ̀gá iléèwé wá yọjú. Mo sọ fún wọn pé nínú ìdánwò, "ilé" la ó kọ, torí ohun tí ìwé fẹ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n "ulé" kì í ṣe àṣìṣe, kò sì sí ẹni tó máa nà wọ́n nítorí rẹ̀ níbi tí mo bá wà.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀. Kí èèyàn tó fi ẹnu yẹpẹrẹ nǹkan, kó kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń bẹ nídìí rẹ̀ àti iye oṣù tó fi ṣe é. Ohun tí a kórìíra lára ẹlòmíì sì lè jẹ́ ohun tí wọ́n ti nà kúrò lára àwa náà.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ilé yín wo ni wọ́n fi yín ṣẹ̀sín títí ẹ fi jù ú nù? Orin ilẹ̀ òkèèrè wo ló wù yín kẹ́ ẹ gbọ́ lédè yín? Ẹ fi síbí kí gbogbo wa kà á. Ẹ má dààmú nípa bí ìwé ṣe ń kọ ọ́ o. Bí ìyá yín bá ṣe ń pè é ni kẹ́ ẹ kọ ọ́.