Ìṣó Lẹ́nu Aránbàtà

Aránbàtà àdúgbò wa máa ń fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ pé lọ́jọ́ tí Ọlọ́run ń pín ẹnu, ẹ̀ẹ̀mejì lòun tò.

Àròyé ni gbogbo ayé ń pe ọ̀rọ̀ rẹ̀. Tí ìyàwó rẹ̀ bá pè é bẹ́ẹ̀, oúnjẹ ti tutù nìyẹn. Tí oníbàárà bá pè é bẹ́ẹ̀, ó fẹ́ gba bàtà rẹ̀ kó máa lọ. Ṣùgbọ́n tí òun fúnra rẹ̀ bá ní, "Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n ṣe àròyé," ẹ yáa fa àga kẹ́ ẹ jókòó.

Ìgbà tó bá ń kan bàtà nìkan ló ń dákẹ́, torí ẹnu ló ń kó ìṣó sí.

Lọ́jọ́ tí bàbá àfẹ́sọ́nà ọmọ rẹ̀ obìnrin ń bọ̀, ọmọ náà kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

"Bàbá mi, ẹ dákun, ẹ má ṣe àròyé lónìí. Mi ò fẹ́ kí eléyìí náà lọ."

Ọ̀rọ̀ náà dun aránbàtà, àmọ́ kò leè jiyàn. Ṣebí òun ló sọ fún àfẹ́sọ́nà àkọ́kọ́ pé ọmọ òun ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta? Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tirẹ̀ sì ti rí ọ̀ràn tó.

Kò gbẹ́kẹ̀ lé ara rẹ̀. Kí àlejò tó wọlé, ó ti kó ìṣó sẹ́nu, ó ń kan bàtà tí kò já. Àlejò kí i, ó mi orí. Àlejò bèèrè àlàáfíà ara, ó tún mi orí. Wọ́n jókòó títí, òòlù nìkan ló ń dáhùn.

Nígbà tó yá, ọkùnrin náà dìde.

"Ó dáa," ó ní. "Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, èmi àtọmọ mi kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nílé. Ó ní ọ̀dọ̀ yín lòun ti tún ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà ní kí n wá gbọ́. Ó jọ pé ẹ ò fẹ́ wa."

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Aránbàtà fẹ́ pè é, ìṣó ò jẹ́. Omi ti lé ròrò sójú ọmọ rẹ̀. Ó sáré tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ àgbọ̀n bàbá rẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ tu ú síbí. Mo tọrọ àforíjì. Ẹ ṣe àròyé."

Ó tu ìṣó náà sí i lọ́wọ́.

"Àna mi," ó ní, "ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n ṣe àròyé."

Àlejò padà wá, ó fa àga, ó jókòó.