Ọ̀nà Tí Wọ́n Dí àti Ata Tí Mo Sá

Ata ṣọ̀mbọ̀ ni mo ń tà ní Ìlobù, kì í ṣe tútù, gbígbẹ ni. Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni, kí ó wá sá ata fún ọjọ́ mẹ́rin léraléra, kí ó máa yí i nínú oòrùn bí ẹni ń yí aláìsàn lórí ẹní, kí ó wá ṣèèṣì fi ọwọ́ yẹn nu ojú. Mo máa ń tẹ́ ẹní mi sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níwájú ilé ọkọ mi. Àwọn oníbàárà ń ti Òṣogbo wá nítorí pé ata mi kì í ní yanrìn. Ìyẹn nìkan ni orúkọ tí mo ní láyé. Kíláàsì kejì ni mo kàwé dé, ọkọ mi kì í ṣe olówó, ẹwà mi sì ti lọ kí n tó mọ̀ pé mo ní in. Ata tí kò ní yanrìn ni mo fi ń jẹ́ èèyàn.

Ọ̀nà méjì ló ya kúrò lára títì Ìfọ́n tó wọ inú ọjà wa nígbà náà. Ọ̀kan gba iwájú ilé àwọn tíṣà àti àwọn akọ̀wé, èkejì gba iwájú ilé tiwa. Tiwọn fẹ̀, ó sì tẹ́jú. Tiwa há, ó rí gbágungbàgun. Lọ́rì tó ń kó iṣu àti pákó bọ̀ láti apá Ìfọ́n kì í yà sí ọ̀dọ̀ wa àfi èyí tó bá ṣìnà, a ó sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí yóò fi rí ọ̀nà padà.

Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò ní ọwọ́ òsì kí wọ́n bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún ni nǹkan dàrú. Awakọ̀ kan gbàgbé. Ó gba ọwọ́ àtijọ́, ó kó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà àwọn tíṣà, ó sì ṣẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ń gbé níbẹ̀. Ọmọbìnrin kékeré ni. Kò kú, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó ń tiro. Ọ̀gá náà kò pariwo, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó ra àgbá ọ̀dà tó ti ṣófo, ó kó yanrìn kún wọn, ó tò wọ́n sí orí àti ìdí ọ̀nà wọn. Kẹ̀kẹ́ lè kọjá. Ẹlẹ́sẹ̀ lè kọjá. Lọ́rì kò lè kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi: bí ó bá jẹ́ ọmọ mi ni, àgbá tèmi ì bá pọ̀ ju tirẹ̀ lọ, ǹ bá sì jókòó lé ọ̀kan pẹ̀lú ọmọrí odó lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n lọ́rì kì í ṣe ẹyẹ. Tí wọ́n bá dí ọ̀nà mọ́ ọn, kì í fò. Ọ̀dọ̀ wa ni gbogbo wọn yà sí. Ọ̀nà tí ewúrẹ́ méjì kì í lè pàdé níbẹ̀ kí ọ̀kan má bínú, ibẹ̀ ni lọ́rì méjì ń pàdé, tí àwọn awakọ̀ ń bú ìyá ara wọn láti àárọ̀. Eruku dé. Eruku tí mo ń wí yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń gbọ̀n kúrò lára aṣọ. Ó ń bá wa jẹun. Ìyá aránṣọ tí ilé rẹ̀ kan ilé wa, tó ti ní ikọ́ láti kékeré, kò ṣí fèrèsé mọ́. Inú òkùnkùn ló ń ránṣọ, ó ń wúkọ́ bó ṣe ń wa ẹ̀rọ.

Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí táyà lọ́rì kan gun ẹní mi. Ata fọ́, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ fẹ́ sókè, ó wọ inú ọkọ̀. Awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ń sín. Àwọn tó jókòó lórí iṣu ń sín, ọ̀kan nínú wọn ń pe Jésù, èkejì ń pe Ọlọ́run Ànábì.

Awakọ̀ sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú omi lójú. "Ìyá, kí lẹ wá fi ata ṣe lójú títì?"

"Ta ló ń jẹ́ títì? Kí o tó mọ ọ̀nà yìí ni ata ti ń sùn níbí. Ìwọ lo wá bá a lórí ẹní, bí àlè!"

"Ẹ má bínú, màmá. Ọ̀dọ̀ àwọn tíṣà ni wọ́n dí."

"Mo mọ̀. Sín, kí o máa lọ."

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà títí inú fi ń ro mí. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Oníbàárà mi tó jù, obìnrin kan láti Òṣogbo, dé ní ọjọ́ ọjà, kò tilẹ̀ jókòó. Ó ní, "Ìyá aláta, mo fẹ́ bi yín. Ata tí mo rà lọ́jọ́sí, ṣé kí n fi se ọbẹ̀ ni, àbí kí n fi rẹ́ ilé?"

Mo ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó tọ́ èyí tuntun wò. Ó jẹ ẹyọ kan, a sì jọ gbọ́ ọ bó ṣe rún wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ láàrin eyín rẹ̀. Kò bú mi. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ní òun ń lọ ra ata ní Ẹ̀rìn. Ì bá sàn kí ó bú mi.

Mo lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá tíṣà. Mo kúnlẹ̀, mo kí i kú ìtọ́jú ọmọ, mo kí i kú ìnáwó ẹsẹ̀ ọmọ, kí n tó sọ ẹjọ́ mi. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ní kí n dìde, ó fún mi ní àga, ó ní, "Ìyá, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìjà. Káńsù ti yẹ̀ ẹ́ wò. Akọ̀wé wọn wá, ó jókòó sí ọ̀nà yìí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó ka ọkọ̀ tó kọjá. Kò rí ẹyọ kan. Ó ti kọ ọ́ pé ohun tí a ṣe ti yanjú ìṣòro."

"Níbo ló jókòó sí, sà?"

"Níbí. Lábẹ́ igi yẹn."

Mo wo igi náà. Mo wo àgbá tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀, mo wo èyí tó wà lápá òsì. Mo ní, "Sà, ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn, tó pa fèrèsé dé, tó wá ní òjò ti dá, ṣé òjò ti dá lóòótọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì sìn mí jáde.

Mo gba káńsù lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni akọ̀wé tó ka ọkọ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, bíírò mẹ́ta ló há sí àpò àyà. Mo ní kí ó wá ka tiwa náà. Ó ní ó tọ́, òun kò ronú kàn án. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Túsìdeè. Mo ní kí ó wá ní ọjọ́ ọjà, torí nígbà náà ni lọ́rì ń pọ̀. Ó ní iṣẹ́ ìjọba kì í tẹ̀lé ọjà. Mo gbà. Ẹni tí ebi ń pa kì í ṣa oúnjẹ.

Àṣìṣe tèmi ni pé mo lọ sọ fún baálé àdúgbò wa pé èèyàn káńsù ń bọ̀.

Èèyàn káńsù kan ṣoṣo tí àwọn àgbà wa mọ̀ nígbà náà ni wolé-wolé, tó máa ń yọjú sínú ìkòkò omi, tó ń wo ẹ̀yìnkùlé, tí yóò sì kọ orúkọ ẹni tí ilé rẹ̀ dọ̀tí kí wọ́n lè ro ẹjọ́ rẹ̀ ní kóòtù. Tí wọ́n bá ti gbọ́ káńsù, ìgbálẹ̀ ló kù. Baálé kò tilẹ̀ bi mí ní irú èèyàn káńsù tó jẹ́. Nígbà tí mo fi jí lọ́jọ́ Túsìdeè, gbogbo ilé ti gbá iwájú wọn. Àwọn ìyàwó ilé ti pọn omi, wọ́n ti wọ́n ọn sí ojú ọ̀nà láti òkè dé ìsàlẹ̀, eruku kankan kò lè dìde. Wọ́n ti ká aṣọ. Wọ́n ti ká ẹní mi, wọ́n kó ata mi sínú yàrá. Baálé fúnra rẹ̀ ti lọ bá àwọn awakọ̀ ní ìdí títì, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró títí àlejò yóò fi lọ, kí wọ́n má kó ìtìjú bá wa.

Ni akọ̀wé bá dé. Ó jókòó. Kẹ̀kẹ́ kan kọjá. Ó kọ ọ́. Ewúrẹ́ kan kọjá, kò kọ ìyẹn. Atẹ́gùn ń fẹ́, ilẹ̀ tutù, ibẹ̀ dára bí ẹ̀yìn òjò. Èmi gan-an wo ọ̀nà wa, ó wù mí láti máa gbé níbẹ̀.

Akọ̀wé yíjú sí baálé. "Bàbá, ṣé ariwo ọkọ̀ àti eruku kì í yọ yín lẹ́nu níhìn-ín?"

"Rárá o," ni baálé wí. "A mọ́ tónítóní. Kò sí ìdọ̀tí kankan lọ́dọ̀ wa. Ìjọba ń ṣe dáadáa."

Mo pariwo. N kò mọ ohun tí mo kọ́kọ́ wí. Mo wọlé, mo bu ata, mo bu ú sí iwájú bàtà akọ̀wé, mo ní kí ó jẹ ẹ́, kí ó gbọ́ ohun tí yóò dún lẹ́nu rẹ̀. Baálé ní kí wọ́n mú mi wọlé. Wọ́n mú mi wọlé.

Lẹ́yìn tí akọ̀wé lọ, mo wá bá baálé. "Bàbá, kí lẹ ṣe báyìí? Èmi ni mo pè é pé kí ó wá wo eruku!"

"Ọmọ mi, ta ní ń pe káńsù wá wo ìdọ̀tí rẹ̀? Ṣé orí rẹ pé?"

Kí n tó fèsì, lọ́rì mẹ́ta tó ti ń dúró tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo sinmi àròyé. Ata kì í dúró de ẹjọ́, ṣe ni ó ń bu. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo ká ẹní mi, mo kó ata mi, ó di ọ̀nà àwọn tíṣà. Mo tẹ́ wọn sí àárín ọ̀nà gan-an. Ìyàwó ọ̀gá jáde.

"Ìyá aláta, kí lèyí?"

"Ata ni, màá. Ẹ ní ọkọ̀ kankan kì í kọjá níbí."

Ó wo àgbá, ó wò mí. Kí ni yóò wí? Ata náà gbẹ, ó pọ́n, ó mọ́, irú rẹ̀ kò tíì jáde láti ọwọ́ mi rí. Òótọ́ ni pé àwọn ará ibẹ̀ ń wúkọ́ díẹ̀ tí mo bá ń yí i, ṣùgbọ́n wọn kò lé mi. Mo tún rí ohun tí n kò fẹ́ rí: ọmọ tó ń tiro ń ṣeré lójú ọ̀nà láìsí ẹni tó ń pè é padà. Àwọn àgbà jókòó níta, wọ́n ń gbọ́ rédíò. Nǹkan gidi ni wọ́n rí gbà, kì í ṣe fáàrí. Obìnrin Òṣogbo padà wá, ó jẹ ẹyọ kan, kò dún.

Ìyá aránṣọ nìkan ló bá mi wí, ní ìrọ̀lẹ́ kan tí mo ń bọ̀ pẹ̀lú ẹní lórí. Ó ṣí fèrèsé díẹ̀. "Ọ̀rẹ́ mi, o ti sá. Èmi ò lè gbé ilé mi lérí." Ó tì í padà. Èmi tí wọ́n ń sọ pé ẹnu mi kì í sinmi, mo gbé ẹní mi wọlé.

Mo ti gbàgbé akọ̀wé nígbà tó yọ ní ọjọ́ ọjà kan, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ata tí mo bu síwájú òun lọ́jọ́sí kò jẹ́ kí òun sùn, òun ṣa díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ jẹ nílé, yanrìn sì dún léyín òun. Àárín ẹní mi ló ti bá mi. Ọ̀gá tíṣà àti ìyàwó rẹ̀ dúró tì í.

Ọ̀gá ní, "Ẹ bi ìyá fúnra wọn. Ṣebí àwọn ló ń ké. Ìyá, ṣé ọ̀nà tí a dí yìí kò wúlò fún ẹ̀yin náà báyìí?"

Mo wo ata mi. Ọjọ́ kẹta rẹ̀ nínú oòrùn ni, ó ku ọjọ́ kan. Inú bí mi sí ọ̀gá, inú bí mi sí akọ̀wé tó mọ ọjọ́ ọjà nígbà tí kò wù mí mọ́, inú sì bí mi sí ara mi jù.

Mo ní, "Ó wúlò fún mi, sà. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ bi mí. Ẹ lọ jókòó sí ilé ìyá aránṣọ. Ẹ má sọ fún baálé."

Ó lọ. Ìgbà tó fi padà, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti di àwọ̀ ilẹ̀, ó ti kọ ìwé kún ojú méjì. Ohun tí káńsù pa láṣẹ ni pé kí lọ́rì tó ń wọ ọjà gba ọ̀dọ̀ àwọn tíṣà, kí èyí tó ń jáde gba ọ̀dọ̀ wa, kí wọ́n sì mọ òkìtì sí ojú ọ̀nà méjèèjì kí ẹnikẹ́ni má lè sáré. Ìyá aránṣọ ń ṣí fèrèsé ní ọ̀sán. Ní àdúgbò méjèèjì, kò sí ẹni tí inú rẹ̀ dùn tán. Èmi wá di ẹni tó ń ru ata lọ sá ní oko ọkọ mi, ìrìn tí oòrùn ti ń mú kí n tó dé, ìdajì ohun tí mo ń sá tẹ́lẹ̀ ni mo sì lè rù.

Ọjọ́ tí wọ́n yí àgbá kúrò, mo ń ká ẹní mi. Ìyàwó ọ̀gá tíṣà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú gírígírí.

"Ṣé ẹ rí i báyìí?" ni ó wí. "Ẹ̀yin náà pàdánù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, màá," ni mo dáhùn. Lọ́rì àkọ́kọ́ sì ti ń fọn fèrè fún mi pé kí n kúrò lọ́nà.