Ọjọ́ Tí Mo Kọ Tísà Ìṣirò

Ìwé ìtàn àtijọ́ kan ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún nígbà náà, ní ilé-ìwé kan ní Ẹgbẹ́dá. Nínú ìwé ọ̀hún, ọkùnrin olówó kan ní òun fẹ́ fi ọmọbìnrin kan ṣaya, ọmọbìnrin náà sì kọ̀ ọ́ lójúkojú. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé, "Ẹ má wo bó ṣe ń tọrọ. Ẹ wo ohun tó ṣe nígbà tí wọ́n kọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni ìwà rẹ̀ wà." Mo rò pé mo gbọ́n.

Tísà ìṣirò wa jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé ní Ìkọ̀tún. Ó ti lé ní ogójì ọdún, kò ga, ṣòkòtò méjì péré ló sì ń pààrọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan, ó wá bá mi nídìí tábìlì mi.

"Àǹtí, mi ò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lè gbà, ó wù mí kí ẹ jẹ́ ìyàwó mi."

Ǹ bá ti sọ pé rárá, kí n sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n olùkọ́ méjì wà nítòsí, mo sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́.

"Èmi àti ẹ̀yin? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí dígí nílé yín ni?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Mo ti gbọ́. Ẹ ṣeun." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Ní Mọ́ńdè, ó kí mi bó ṣe máa ń kí mi. Kò pẹ́ sígbà náà ni àìsàn dá ìyá mi dùbúlẹ̀, n kò sì lè lọ síṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí mo padà, mo rí i pé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi kò dúró. Àwọn ló sọ fún mi pé tísà ìṣirò ló ń wọ kíláàsì mi, pé ó máa ń ka ìwé ìtàn náà nílé kó tó wá kọ́ wọn. N kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ń tì mí, ìgbéraga ni mo sì fi bo ìtìjú náà.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ọmọbìnrin kan nawọ́ ní kíláàsì.

"Àǹtí, ẹni tó kọ̀ ńkọ́? Ṣé bó ṣe kọ̀ ọ́ yẹn ò fi ìwà tiẹ̀ náà hàn?"

Mo yíjú sí pátákó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún.

Nígbà tí táàmù parí, tísà ìṣirò fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó tó ọdún mẹ́ta kí n tó rí ẹni júwe ilé rẹ̀ fún mi, ní Egan. Mo wọkọ̀ ní Ìyànà Ìpájà, mo sọ̀ ní Ìgandò, mo fẹsẹ̀ rin ìyókù. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Tísà fúnra rẹ̀ ti rù.

"Àǹtí! Màmá ńkọ́?"

"Wọ́n ti kú, sà."

"Áà. Ọlọ́run á kẹ́ wọn." Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Kò sí olùkọ́ tó dáa tó Àǹtí yìí nílé-ìwé wa nígbà yẹn."

Obìnrin náà kúnlẹ̀ gbé omi fún mi, ó sì jókòó tì wá. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dá ọ̀rọ̀ ọjọ́ Jímọ́ọ̀ yẹn sílẹ̀ lójú rẹ̀, láìdójú ti ọkùnrin náà lẹ́ẹ̀kejì? Mo mu omi, mo dìde.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni mo gbọ́ pé tísà ìṣirò ti kú. N kò tíì tọrọ àforíjì.