Télọ̀ Gba Iṣẹ́ Akanlẹ̀kùn

Gbogbo bárékè ló mọ̀ pé bí Akanlẹ̀kùn bá wọ aṣọ tí wọ́n lọ̀ tó ń dán, tó fi fìlà há abíyá, sójà kan ti kú nìyẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ní orúkọ nínú ìwé kankan. Òun ni wọ́n ń rán lọ túfọ̀ fún ìyá, fún bàbá, fún ìyàwó. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi ṣe é. Àwọn obìnrin a máa ti fèrèsé bí wọ́n bá rí i lọ́nà; bó bá kọjá ilé wọn tán, wọn a ṣí i padà, wọn a kí i láti ẹ̀yìn: "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá!" Kì í bínú sí wọn. Kì í bínú sí ẹnikẹ́ni mọ́. Lọ́dún àkọ́kọ́, bó bá ti ilé ọ̀fọ̀ dé, oúnjẹ kì í lọ lọ́fun rẹ̀. Lọ́dún kẹta, ó ń jẹun. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹwàá, ó lè túfọ̀ láàárọ̀ kó sì tọrọ ẹran sí i lọ́sàn-án.

Nígbà tí ọjọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kù dẹ̀dẹ̀, ọ̀gá wọn, tí kò ju ọmọ bíbí inú rẹ̀ lọ, pè é. "Bàbá, ẹ wá ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán, kẹ́ ẹ fa iṣẹ́ yìí lé e lọ́wọ́."

Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Yàrá ìránṣọ ló gbà lọ. Ọjọ́ kan náà ni òun àti Télọ̀, aránṣọ bárékè tó fi ọdún díẹ̀ kéré sí i, jọ gba bàtà sójà, orí ibùsùn kan náà ni ibà ti jọ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta wà lẹ́nu Télọ̀ nígbà tí Akanlẹ̀kùn wọlé.

"Mo ti rí ẹni tó máa gba iṣẹ́ mi."

"Ta ni olórí burúkú ọ̀hún?"

"Ìwọ ni."

Télọ̀ yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ọ̀rẹ́, aṣọ ni èmi ń rán. Wọn kì í rán èmi."

"Wọ́n á rán ọ."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?"

"Torí pé ìwọ ṣì máa ń sunkún."

Télọ̀ kọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

"Má jókòó kó o tó sọ ọ́," ni Akanlẹ̀kùn wí. "Má sọ pé ó ṣubú, wọ́n á bi ọ́ pé ilé ìwòsàn wo ló wà. Pe orúkọ rẹ̀ já geere, kó o sọ pé ó ti kú. Bí wọ́n bá gbá ọ létí, dúró."

"Wọ́n ti gbá ọ létí rí?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ìyá àgbà kan gbá mi tán, ó tún lọ bu omi wá fún mi."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni fóònù dún. Àwọn méjèèjì ló jọ lọ. Ilé náà wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ló ń gbé ibẹ̀, sójà sì ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Irùngbọ̀n ló ń fá lọ́wọ́, ìfófòó ọṣẹ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan. Ó wo aṣọ wọn, ó wo fìlà lábẹ́ abíyá wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ jẹ́ kí n fá èyí tó kù."

Ó padà sí ilé ìwẹ̀. Wọ́n dúró ní pálọ̀. Wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń gbọn abẹ ìfárùngbọ̀n sínú omi, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò ní ibì kankan láti lọ. Nígbà tó jáde, ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ó ti ṣi bọ́tìnì dè láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ẹ sọ ọ́ báyìí."

Akanlẹ̀kùn la ẹnu. "Sà, wọ́n rán wa wá nípa ọmọ yín..." Orúkọ ọmọ náà kò wá. Ó kà á nínú lẹ́tà ní aago mẹ́jọ àárọ̀ yẹn. Ó wá a, bí ẹni ń fọwọ́ tá ògiri nínú òkùnkùn. Kò rí i. Ohun tó sì yà á lẹ́nu ni pé àyà rẹ̀ kò já.

Télọ̀ ló sún síwájú. Ó pe orúkọ ọmọ náà, ó pe ti bàbá rẹ̀ mọ́ ọn. "Ó ti kú, sà. Àná ni." Omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀.

Olùkọ́ mi orí bí ìgbà tí ọmọ iléèwé bá dáhùn ìbéèrè dáadáa. Ó dúró síbẹ̀, kò mọ ohun tó fẹ́ fi ọwọ́ ṣe. Télọ̀ sún mọ́ ọn, ó tú bọ́tìnì rẹ̀, ó sì tún wọn dè lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá náà gbé àgbọ̀n sókè fún un. Níbi bọ́tìnì tó gbẹ̀yìn, bàbá náà dì mọ́ ọn, àwọn méjèèjì jọ balẹ̀, Télọ̀ kò sì fi í sílẹ̀. Akanlẹ̀kùn dúró tì wọ́n. Ohun tó ń rò ni pé òjò máa tó rọ̀, òun kò sì mú agbòjò.

Nígbà tí wọ́n ń padà, Télọ̀ ní, "Orúkọ ọmọ ọlọ́mọ bọ́ lọ́kàn rẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé ó dùn ọ́?"

"Mo ti ń wò ó látàárọ̀ bóyá ó dùn mí."

Télọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú títí wọ́n fi dé ọ́fíìsì. Níbẹ̀, Akanlẹ̀kùn gbé fóònù sórí tábìlì, ó kó kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tì í. Télọ̀ fọwọ́ sí ìwé, ọ̀gá bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ó tán.

Ìyàwó Akanlẹ̀kùn ń gé àlùbọ́sà nígbà tó wọlé. "Bàbá àwọn ọmọ mi, ṣé ó ti parí?"

"Ó ti parí."

"Báwo ló ṣe rí lára yín?"

"Ṣé oúnjẹ ti jinná?"

Obìnrin náà wò ó títí, ó sì bu oúnjẹ fún un. Ó jẹ ẹ́ tán.

Látìgbà náà, lọ́jọ́ tí wọ́n bá rán Télọ̀ níṣẹ́, ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló máa ń yà sí. Yóò jókòó sí ìta gbangba, yóò sunkún dáadáa, yóò fi ọwọ́ aṣọ nu ojú, yóò sì béèrè tíì. Akanlẹ̀kùn kì í ní kó dákẹ́. Ńṣe ló máa ń fa àga rẹ̀ sí ibòji fún un, tó sì máa ń jókòó tì í.